Bí Orúkọ Safiyat Ṣe Wọnú Ìwé Ìjọ

Dúrótìmí káfíńtà kì í wọ ibì kan kó má wo bẹ́ńṣì ibẹ̀. Kó tó mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀, ó ti mọ irú igi tí wọ́n lò àti ibi tí ìṣó ti yọrí. Ọ̀nà Ìjàgbo ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà, l'Ọ́fà, lábẹ́ páànù kan tó gùn ní fíìtì mẹ́rìnlá. Ibẹ̀ ló wà lọ́dún 1985 tó fi fẹ́ Safiyat, ọmọ Jímọ̀ télọ̀.

Onígbàgbọ́ ni wọ́n nílé Dúrótìmí láti ayé bàbá bàbá rẹ̀. Mùsùlùmí ni wọ́n nílé Safiyat. Irú ìgbéyàwó bẹ́ẹ̀ kì í ṣe nǹkan tuntun l'Ọ́fà. Ohun tó jẹ́ tuntun ni pé Safiyat fúnra rẹ̀ ló sọ pé òun fẹ́ máa tẹ̀lé ọkọ òun lọ síbi tó ń lọ ní Sọ́ńdè. Kò sẹ́ni tó rọ̀ ọ́. Ó ní òun fẹ́ mọ ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ tó fi ń gba wákàtí mẹ́ta.

Bàbá rẹ̀ gbọ́. Ó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí máṣíìnì.

Ó ní, "Obìnrin tó bá ti lọ́kọ, ilé ọkọ ló ń gbé. Mi ò ní bá ẹ jà. Ṣùgbọ́n orúkọ tí mo sọ ẹ́ lọ́jọ́ kẹjọ, èmi ni mo mú un wá, èmi ni mo ra àgbò ẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n bá yọ ọ́ lára ẹ ni mi ò ní wọ ilé yín mọ́."

Safiyat kúnlẹ̀. "Wọn ò ní yọ ọ́, Bàbá."

Dúrótìmí dọ̀bálẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Wọn ò ní yọ ọ́, Bàbá."

Jímọ̀ wo àwọn méjèèjì, ó tún ń tẹ máṣíìnì rẹ̀ lọ.

Ìjọ tí wọ́n bí Dúrótìmí sí ni wọ́n kọ́kọ́ lọ. Ìrókò ni bẹ́ńṣì ibẹ̀, fíìtì mẹ́sàn-án ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọkùnrin ń jókòó lápá ọ̀tún, obìnrin lápá òsì. Safiyat jókòó sáàárín àwọn obìnrin tó ti mọra wọn láti kékeré. Nígbà tí àdúrà parí tí gbogbo ìjọ ṣe Àmín, ó ṣe bí wọ́n ṣe ń ṣe nílé wọn: ó la àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì, ó fi pa ojú. Obìnrin tó jókòó tì í fi ìgbọ̀nwọ́ kàn án.

"Àwa kì í ṣe bẹ́ẹ̀ níbí."

Safiyat gbé ọwọ́ sórí itan. Nígbà tí wọ́n ń lọ sílé, ó bi ọkọ rẹ̀ léèrè, ó ní, "Àdúrà tó bá kù sí wọn lọ́wọ́, kí ni wọ́n ń fi ṣe?" Dúrótìmí ò rò ó rí.

Akọ̀wé ìjọ náà sọ fún Dúrótìmí pé kí orúkọ ìyàwó rẹ̀ tó lè wọ ìwé, ó gbọ́dọ̀ ní orúkọ ìgbàgbọ́. Ó ka mẹ́ta sílẹ̀ kó mú ọ̀kan níbẹ̀. Dúrótìmí mú iṣẹ́ náà jẹ́ fún Safiyat nílé.

"Kí ló ń ṣe tèmi?" ni Safiyat wí.

"Kò ṣe nǹkan kan."

"Tí kò bá ṣe nǹkan kan, kí wọ́n kọ ọ́."

Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà wà fún ọdún kan ó lé. Safiyat ń lọ, ó ń jókòó lápá òsì, kò sí nínú ìwé. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1986 ó bí ọmọbìnrin, wọ́n sọ ọ́ ní Ọlábámijí. Safiyat ṣì ń jókòó ogójì ọjọ́ ìbímọ lọ́wọ́ nílé, Dúrótìmí nìkan ló lọ dúpẹ́ ní ìjọ. Akọ̀wé ṣí ìwé, ó mú bírò.

"Orúkọ ìyá ọmọ?"

Èèyàn mẹ́ta ló tò sẹ́yìn Dúrótìmí. Ó wo ìwé náà. Ó rò ó pé inú kọ́bọ́ọ̀dù ni ìwé yìí ń sùn, kọ́kọ́rọ́ wà lára rẹ̀. Safiyat ò ní rí i láéláé. Jímọ̀ ò sì mọ ìwé kankan kà ju Lárúbáwá lọ.

Ó ní, "Ẹ kọ Roseline."

Ohun tó gbàgbé ni pé ìjọ máa ń tẹ ìwé ìkórè. Ní oṣù kọkànlá, wọ́n to orúkọ gbogbo ẹni tó dúpẹ́ ọmọ lọ́dún náà, bàbá àti ìyá, sójú ìwé kan. Ìwé náà dé ọwọ́ Kamaldeen, tíṣà kan tí òun àti ọmọ ìjọ náà kan jọ ń ṣiṣẹ́. Jímọ̀ ló ń bá Kamaldeen ránṣọ. Ọjọ́ tó wá gba ṣòkòtò rẹ̀, ó rò pé inú bàbá náà á dùn, ló bá ka ìwé náà sí i létí.

Lọ́jọ́ kejì, bí wọ́n ṣe kírun Alásàárì tán, Jímọ̀ dé ṣọ́ọ̀bù Dúrótìmí.

"Bàbá, ẹ káàsán. Ẹ jókòó."

"Mi ò jókòó. Mo wá kí ẹ kú oríire ni. Mo gbọ́ pé o fẹ́ ìyàwó kejì."

Dúrótìmí rẹ́rìn-ín. "Èmi kẹ̀, Bàbá? Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Wọ́n tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé. Roseline lorúkọ ẹ̀. Wọ́n ló ti bímọ obìnrin fún ẹ. Níbo lo fi í pamọ́ sí? Mo fẹ́ kí i. Ó yẹ kí Safiyat náà mọ ẹni tí wọ́n jọ ń gbélé."

Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu Dúrótìmí. Ó gbé ayùn sílẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ sórí ìyẹ̀fun pákó, ó sì ro gbogbo rẹ̀ láìfi nǹkan kan pamọ́: akọ̀wé, bírò, èèyàn mẹ́ta tó tò sẹ́yìn. Jímọ̀ jẹ́ kó sọ ọ́ dópin.

Ó ní, "O ṣeun tó ò purọ́. Bá mi kí Roseline." Ó sì lọ. Láti ọjọ́ náà, kò wọ ilé wọn mọ́.

Nígbà tí Dúrótìmí délé ní ìrọ̀lẹ́, Safiyat ti gbọ́. Ó gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀.

"Roseline ló sè é," ló wí. "Ó ní kẹ́ ẹ má bínú, iyọ̀ ẹ̀ pọ̀ díẹ̀."

Dúrótìmí jẹ ẹ́. Iyọ̀ rẹ̀ pọ̀ lóòótọ́. Nígbà tó fọwọ́ tán, Safiyat jókòó tì í.

"Bàbá Bámijí, mi ò ní bá yín lọ síbẹ̀ mọ́. Mi ò sì fẹ́ kí n máa lọ tèmi, kí ẹ máa lọ tiyín. Mo fẹ́ kí ọmọ yìí máa rí àwa méjèèjì lórí bẹ́ńṣì kan. Ẹ jẹ́ ká wá ibi tí wọ́n á ti kọ Safiyat, tí bàbá mi á lè tún wọ ilé wa. Tí a ò bá rí i títí Bámijí á fi pé ọdún méjì, màá padà sẹ́yìn bàbá mi ní mọ́sálásí. Kí ẹ̀yin àti Roseline máa lọ."

Báyìí ni wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìjọ kiri. Gbogbo ọdún 1987 ni wọ́n fi wá a. Wọ́n á lọ, wọ́n á wò, wọ́n á máa yẹ ohun tí wọ́n rí wò bọ̀ lọ́nà bí ẹni tó ń yan aṣọ.

Ọ̀kan wà ní Ìjàgbo tí wọ́n ti ń bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà. Ìyẹn dùn mọ́ Safiyat nínú, ó ní àwọn wọ̀nyí mọ̀wàá hù. Ẹní ni wọ́n tẹ́, kò sí bẹ́ńṣì kankan, orúnkún sì ń dun Dúrótìmí.

"Ibi tí kò sí bẹ́ńṣì, kí lẹ wá ń wò níbẹ̀?" ni Safiyat bi í.

"Mò ń wo àjà."

Sọ́ńdè kejì tí wọ́n lọ, àgbà ìjọ ríran sí Safiyat. Ó ní orúkọ tó ń jẹ́ yẹn ló dè é lẹ́sẹ̀. Nínú bọ́ọ̀sì tó ń gbé wọn padà s'Ọ́fà, Safiyat bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀ dáadáa.

"Bàtà nìkan ni mo rí," ló wí.

Wọ́n lọ sí òmíràn nítòsí réluwé. Níbẹ̀, wọ́n ní kó yọ yẹtí. Ó yọ ọ́. Wọ́n ní kó dìde kó sọ bó ṣe ti inú òkùnkùn bọ́. Safiyat dìde, ó ní, "Ilé bàbá mi ni ilé kẹta tí wọ́n fa iná sí ládùúgbò wa. Mi ò rí òkùnkùn kankan níbẹ̀." Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Olórí wọn ò rẹ́rìn-ín. Lọ́nà ilé, Dúrótìmí rẹ́rìn-ín títí tó fi sọ̀ kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́.

Ẹ̀kẹta gbà wọ́n tọwọ́ tẹsẹ̀. Wọ́n fún wọn ní ìgò mínírà kọ̀ọ̀kan, wọ́n gbé ọmọ jó. Nígbà tí ìwàásù parí, Safiyat nawọ́ sókè, ó fẹ́ béèrè ìdí tí wọ́n fi sọ pé kí ẹnì kan má jẹ ẹlẹ́dẹ̀ nígbà kan, tí wọ́n tún wá ń jẹ ẹ́. Wọ́n ní obìnrin kì í béèrè ọ̀rọ̀ láàárín ìjọ, kó bi ọkọ rẹ̀ nílé. Nígbà tí wọ́n délé, Safiyat jókòó síwájú Dúrótìmí.

"Ó yá, ẹ dá mi lóhùn."

Dúrótìmí ní òun fẹ́ kọ́kọ́ jẹun.

Nígbà tó fi máa di oṣù kejì ọdún 1988, oṣù mẹ́fà péré ló kù. Jímọ̀ ò tíì wá. Tí Bámijí bá fẹ́ rí bàbá rẹ̀ àgbà, Safiyat á pọ̀n ọ́n lọ sí ṣọ́ọ̀bù télọ̀. Bàbá náà á gbé e, á fún un ní ìṣẹ́kù aṣọ kó fi ṣeré, kò sì ní béèrè ilé.

Láàárọ̀ ọjọ́ Túsìdeè kan, màmá kan wọ ṣọ́ọ̀bù Dúrótìmí, ó fi agbòòrùn ṣe ọ̀pá. Màmá Caroline lorúkọ rẹ̀, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni.

"Káfíńtà, mo fẹ́ bẹ́ńṣì méjìlá, tó ní ìfẹ̀yìntì. Ti ìjọ wa ni."

"Fíìtì mẹ́sàn-án, Màmá?"

"Fíìtì márùn-ún."

Dúrótìmí yọ pẹ́ńsù létí. Kò rí ìjọ tó ń ṣe fíìtì márùn-ún rí.

"Màmá, ẹ máa fi igi ṣòfò. Íńṣì méjìdínlógún lèèyàn kan ń jókòó gbà. Ẹ ṣe fíìtì mẹ́sàn-án mẹ́fà, ó gba èèyàn mẹ́rìndínlógójì. Ẹ ṣe fíìtì márùn-ún méjìlá, èèyàn mẹ́rìndínlógójì náà ni. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ tí mo máa kàn sí i á di ìlọ́po méjì."

"Mo mọ ìṣirò. Èmi ni mo kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé Òjòkú fún ọdún mọ́kànlélógún. Kíláàsì ilé ìwé ni à ń lò fún ìsìn, a gbọ́dọ̀ kó bẹ́ńṣì wa jáde ká tó lọ. Fíìtì márùn-ún, èèyàn méjì á gbé e. Lọ́nà kejì, mo fẹ́ kí ọkọ, ìyàwó àti ọmọ wọn jókòó sórí ọ̀kan, kí wọ́n má há, kí wọ́n má sì jìnnà síra."

"Ọkùnrin ò ní jókòó lọ́tọ̀, kí obìnrin jókòó lọ́tọ̀?"

"Kí ló dé? Ṣé wọ́n ti jà nílé ni?"

Ní ìrọ̀lẹ́, Dúrótìmí sọ ọ́ fún Safiyat bó ṣe rí, pẹ̀lú ìwọ̀n rẹ̀. Safiyat ń wẹ ọmọ lọ́wọ́.

"Ta ni pásítọ̀ wọn?"

"Ó ní Adétóyè ni, akọ̀wé kan ní kánsù ní Ìlémọ́nà. Ṣùgbọ́n òun náà máa ń wàásù."

"Màmá yẹn? Obìnrin?"

"Obìnrin ni."

Safiyat fi aṣọ wé ọmọ. "Ẹ tètè kàn án."

Ó kàn án fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ó kó o lọ ní Sátidé, nígbà tó sì di Sọ́ńdè, òun àti Safiyat àti ọmọ lọ jókòó sórí ọ̀kan nínú rẹ̀. Ìṣirò tí wọ́n ṣe ní Fúráìdeè ṣì wà lójú pátákó. Èèyàn bí ọgbọ̀n ló wà níbẹ̀. Pásítọ̀ Adétóyè wọ ṣẹ́ẹ̀tì alápá kékeré, ó jókòó sáàárín àwọn èèyàn. Màmá Caroline ló wàásù. Ọ̀rọ̀ Hágárì ló sọ, bí omi ṣe tán lọ́wọ́ rẹ̀ nínú aginjù tó gbé ọmọ rẹ̀ tì sábẹ́ igbó. Nígbà tó parí, ó wò yíká.

"Ta ló ní ìbéèrè?"

Dúrótìmí rí ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ tó lọ sókè. Ó tẹjú mọ́ ẹsẹ̀ bẹ́ńṣì iwájú.

"Ẹ jọ̀ọ́, Màmá," ni Safiyat wí. "Ìtàn yìí wà nílé wa. Hájárà là ń pè é. Ṣùgbọ́n ó sáré lẹ́ẹ̀méje láàárín òkè méjì kí omi tó jáde. Ẹ ò sọ ìyẹn."

"Lẹ́ẹ̀méje? Ta ló sọ fún ẹ?"

"Bàbá mi."

"Kò sí nínú tiwa. Dìde, kó o sọ ọ́ fún wa."

Safiyat dìde, ó sọ ọ́. Kò pẹ́ lórí rẹ̀. Bàbá kan tó ń jẹ́ Jacob, tó jókòó sẹ́yìn, mi orí.

"Nínú oòrùn yẹn? Lẹ́ẹ̀kan péré, èmi ti jókòó."

"Wọn ò rán yín," ni ìyàwó rẹ̀ wí. "Ìyá ọmọ ni wọ́n ń sọ."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n gbàdúrà, wọ́n ṣe Àmín. Kí Safiyat tó rántí ibi tó wà, ó ti fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì pa ojú. Dúrótìmí rí i pé Màmá Caroline ń wò ó. Nígbà tí wọ́n jáde, màmá náà wá bá wọn.

"Ohun tó o fọwọ́ ṣe yẹn, kí nìdí ẹ̀?"

Safiyat wo ọkọ rẹ̀ kó tó dáhùn. "Àdúrà tó bá wà lọ́wọ́ ni, Màmá. A máa ń fi pa ojú kó má bàa ṣòfò."

Màmá Caroline wo àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀, ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún. "Mo ti fi tèmi ṣòfò fún ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta," ló wí.

Pásítọ̀ Adétóyè mú ìwé kan dé. 

"Ìyá Bámijí, ẹ fún wa lórúkọ yín."

"Safiyat."

"Orúkọ bàbá yín?"

"Jímọ̀."

Adétóyè mú bírò. Dúrótìmí ń retí ìyókù. Kò sí ìyókù.

"Ó tán?" ló béèrè.

"Kí ló tún kù?" ni Adétóyè wí.

Ṣùgbọ́n Safiyat na ọwọ́ bo ìwé náà. "Pásítọ̀, ẹ má tíì kọ ọ́. Ìwé ti tan bàbá mi rí. Tẹ́ ẹ bá kọ ọ́ báyìí, kò ní mọ̀ ọ́n kà, kò sì ní gba ẹni tó bá kà á gbọ́." Ó sọ ọ̀rọ̀ Roseline fún wọn lójú ọkọ rẹ̀. Dúrótìmí wolẹ̀.

"Ìwé wo ló mọ̀ kà?" ni Màmá Caroline béèrè.

"Lárúbáwá."

"Kó wá fọwọ́ ara ẹ̀ kọ ọ́."

Adétóyè fa ìlà méjì sí ojú ìwé náà, ó fi àárín rẹ̀ sílẹ̀ lófìfo. Wọ́n fi í sí Sọ́ńdè kẹta nínú oṣù keje, ọjọ́ tí wọ́n máa ṣàmì fún Bámijí.

Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ kan, ó di ọwọ́ Dúrótìmí láti lọ sọ ọ́. Ogún oṣù ti kọjá tí kò ti dé ṣọ́ọ̀bù télọ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà.

"Roseline ńkọ́?" ni Jímọ̀ wí, kò gbójú sókè.

"Ó ṣì wà nínú ìwé yẹn, Bàbá. Wọ́n ní àwọn kì í pa nǹkan rẹ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìjọ mìíràn la wà báyìí. Wọn ò tíì kọ orúkọ Safiyat. Wọ́n fi àyè ẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n ní kí ẹ wá kọ ọ́."

Máṣíìnì dúró. "Èmi? Nínú ìwé ṣọ́ọ̀ṣì?"

"Ẹ̀yin."

"Ṣé wọ́n mọ̀ pé mi ò mọ ABD?"

"Wọ́n mọ̀. Wọ́n ní kí ẹ fi Lárúbáwá kọ ọ́."

Jímọ̀ fi eyín gé òwú. "Kí ni wọ́n fẹ́ gbà lọ́wọ́ mi?"

"Wọn ò sọ pé àwọn fẹ́ gba nǹkan kan, Bàbá."

"Dìde nílẹ̀. Mo fẹ́ lọ wo irú èèyàn wo nìwọ̀nyí."

Nígbà tí Sọ́ńdè náà pé, Jímọ̀ dé pẹ̀lú gègé àti ìgò tàdáwà tí wọ́n fi ń kọ Lárúbáwá nínú àpò agbádá. Kò lè fọkàn tán bírò wọn. Ó bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, lẹ́yìn náà ló rí i pé bàtà wà lẹ́sẹ̀ gbogbo èèyàn. Kò padà lọ wọ̀ ọ́. Kò sì sẹ́ni tó ní kó wọ̀ ọ́. Adétóyè ṣí ìwé sórí tábìlì tíṣà, ó fi ìlà náà hàn án. Jímọ̀ ti gègé bọ tàdáwà. Apá ọ̀tún ló ti bẹ̀rẹ̀, ó sì kọ ọ́ bọ̀ wá sí òsì, kò yára. Ó fẹ́ atẹ́gùn sí i kó gbẹ. Ó wá ti ìwé náà sí ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀.

"O lọ ilé kéú. Kà á."

"Safiyat, ọmọ Jímọ̀," ni Safiyat kà.

Ìjọ náà kọ́ ilé tiwọn lọ́dún 1994, nígbà tí Ọ̀fà ti ní kánsù tirẹ̀ tí Adétóyè ò lọ sí Ìlémọ́nà mọ́. Ìwé náà wà níbẹ̀. Ẹni tó bá ṣí i á rí orúkọ mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n lójú ewé àkọ́kọ́, á sì rí ọ̀kan tó ti apá ọ̀tún wá. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, kíláàsì ni, Jímọ̀ sì ń wá ibi tó máa jókòó sí.

Dúrótìmí sún. Ó jókòó, Safiyat jókòó, ọmọ wà lórí itan rẹ̀, Jímọ̀ jókòó sí ìparí. Àgbà mẹ́ta, íńṣì mẹ́rìnléláàádọ́ta. Ó ku íńṣì mẹ́fà. Ibẹ̀ ni Jímọ̀ gbé ìgò tàdáwà rẹ̀ sí.

Nígbà tí wọ́n ṣàmì fún ọmọ, tí ìsìn parí, tí wọ́n ń kó bẹ́ńṣì jáde, Jímọ̀ gbé orí kan, Dúrótìmí gbé orí kejì.

"Fíìtì mélòó nìyí?"

"Márùn-ún, Bàbá."

"Ó fúyẹ́."

Wọ́n gbé e dé ìsàlẹ̀ ògiri, wọ́n tò ó ti àwọn yòókù. Jímọ̀ wọ bàtà. Dúrótìmí rò pé ṣọ́ọ̀bù ló máa gbà lọ, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dé ìkóríta, ó yà sí ọ̀nà ilé wọn. Ó wọlé, ó jókòó sórí àga tó máa ń jókòó sí tẹ́lẹ̀. Safiyat bu omi fún un, ó fọwọ́, ó ṣí àwo ọbẹ̀, ó sì wò ó.

"Ta ló se èyí?"

"Èmi ni, Bàbá."

"Ìwọ ta?"

"Safiyat."

Jímọ̀ bu òkèlè.